Màmi Gun Òkè Ọ̀kà Láìwọ Bàtà

Bàbá mi, ẹ̀yin tí ẹ kì í lè jókòó sójú kan,

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó wà níbi tí ẹ wà. Nítorí náà, màá kí yín bí mo ṣe máa ń kí yín tí ẹ bá ti Ọ̀wọ̀ dé: ẹ káàbọ̀, kí lẹ rà bọ̀? Mo mọ̀ pé ẹ ò ra nǹkan kan. Kò burú. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni mo ní nǹkan fún yín. Ìròyìn ni, ó sì kún tírélà mẹ́ta, wọ́n tún ń di tìkẹrin lọ́wọ́.

Ẹ jókòó dáadáa o. Màmi gun òkè! Màmi ìyàwó yín ni mò ń wí, ẹni tó máa ń sinmi lẹ́ẹ̀mejì kó tó ti yàrá dé ilé ìdáná. Ó gun òkè Ọ̀kà títí dé orí. Kò lọ ṣẹ́gi, kò lọ wa iṣu, kò sí ẹni tó ń lé e. Ó kàn gùn ún ni. Gbogbo Ìkàrẹ́ ló ti gbọ́, nítorí èmi ni mo sọ fún wọn. Ẹ sì mọ̀ mí, tí mo bá sọ nǹkan fún ẹni méjì lálẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ wọ́n á ti máa fi jẹ̀kọ ní Ìkáràmù.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo òkè ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ṣé ẹ rántí bí àdúgbò ṣe máa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́? Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdé, ẹ wà nídìí ọkọ̀, Ìkàrẹ́ sí Ọ̀wọ̀, Ọ̀wọ̀ sí Ìkàrẹ́. Tó bá di Sátidé, tí àwọn awakọ̀ yòókù na ẹsẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò, ẹ̀yin á ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó di orí òkè. Ẹ ní ẹsẹ̀ tó ń tẹ bíréèkì láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, ó yẹ kó ní ọjọ́ kan tó máa fi rántí pé ẹsẹ̀ lòun. Kò yé ẹnikẹ́ni. Ní Àkókó tiwa yìí, òkè wà fún ẹni tó ń lọ sóko, fún ẹni tó ń ṣẹ́gi, àti fún àwọn tó fẹ́ gbàdúrà. Ẹni tó bá gun òkè tó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́ òfo, wọ́n á bi í bóyá ara rẹ̀ yá. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń ṣẹ́ ẹ̀ka igi kan ṣoṣo bọ̀, tí ẹ máa gbé e lé èjìká wọ̀lú bí ẹni gbé odindi ìrókò, kí àwọn ìyá tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà lè rí ohun tí wọ́n máa kí yín sí. Ẹ kú oko o! Ẹ̀yin náà á sì dáhùn, ojú yín á le koko bí ti ọlọ́pàá tó dá ọkọ̀ dúró. Tí ẹ bá délé, ẹ̀ka igi yẹn ò lè se ẹyin àparò jinná. Màmi á wò ó, á wò yín, á ní “Hùn-ún,” á sì wọlé lọ.

Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, Màmi ò ṣe hùn-ún fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ó jókòó opó bí ẹ̀sìn ṣe ní kó jókòó, kò dín ọjọ́ kan. Àwọn ẹbí wá, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n jẹun, wọ́n lọ. Mo rò pé bí opó bá ti parí, á dìde. Opó parí, ìjókòó ò parí. Láti orí bẹ́ẹ̀dì dé orí àga, láti orí àga dé orí ẹní ìkírun, gbogbo ìrìn àjò rẹ̀ nìyẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Kí n má purọ́ fún yín, ó wú débi pé tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, ìka á rì sínú rẹ̀ bí ìgbà tí a bá tẹ búrẹ́dì gbígbóná, ó sì máa pẹ́ kó tó bọ̀ sípò. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wa yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò tíì sí àrùn níbẹ̀, àìrìn ni. Ó ní kó máa rìn o, kó máa rìn dáadáa, tí kò bá rìn, ìjókòó yìí á di àìsàn tó ní orúkọ.

Bàbá mi, mo máa ń ṣe bí ẹni tí ẹ̀rù kì í bà. Ní gáréèjì, wọ́n mọ̀ mí bí ẹni mọ owó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì yẹn sọ̀rọ̀, mo lọ jókòó lẹ́yìn ilé títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ̀yin nìkan ti tó mi í sin. Mi ò ní agbára ẹnì kejì.

Mo kọ́kọ́ gbìyànjú àtimú un rìn nínú ìlú. Èèmọ̀ ni! A ò tíì kúrò lójúde wa tí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ti fò dìde: “Háà, ẹ kú ìrọ́jú o, ìyá wa! Ọkùnrin dáadáa lọ!” Màmi dáhùn. A tún gbé ẹsẹ̀. “Ẹ kú àtẹ̀mọ́ra o! Ọkọ yín tó máa ń gbé mi dé Ọ̀wọ̀, tí kì í jẹ́ kí n gbé ẹrù fúnra mi!” Màmi tún dáhùn, ohùn rẹ̀ ti ń wọlẹ̀. Ká tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà, gbogbo èèyàn ti sunkún sí Màmi léjìká, ẹni tó ń lẹ táyà náà sì ti ń fi ọwọ́ epo nu ojú nígbà tó rí wa lọ́ọ̀ọ́kán. A padà. Ó dùbúlẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Ẹ fẹ́ràn èèyàn jù, Bàbá mi, òun ló fà á. Tó bá jẹ́ pé oníwọ̀sí ni yín ni, ìyàwó yín ì bá ráyè rìn.

Ìgbà yẹn ni òkè wá sí mi lọ́kàn. Ta ló ń kí èèyàn kú ìrọ́jú lórí àpáta? Ọ̀bọ? Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní kíláàsì, Kúnlé, ọmọ Ọ̀kà. Òun àti àwọn ọmọ àdúgbò wọn máa ń gun òkè ní Sátidé láti ya fọ́tò àti láti pariwo. Ó ní ọ̀nà kan wà tí kò le, tí ìyá arúgbó pàápàá ń gbà lọ sóko. Mo lọ bá Màmi.

“Kí ni mo fẹ́ lọ mú lórí òkè?”

“Ẹ ò ní mú nǹkan kan, mà. Ẹ kàn máa gùn ún ni.”

“O ti fẹ́ dà bí bàbá rẹ.” Ó yí ojú sí ògiri. Nígbà tó yá, ó ní, “Èmi ò tiẹ̀ ní bàtà.”

“Tí mo bá rí bàtà ńkọ́?”

“Tó bá wọ ẹsẹ̀ mi yìí, màá lọ.”

Ó mọ ohun tó ń sọ. Sálúbàtà nìkan ló ń wọ ẹsẹ̀ yẹn, òun náà á sì máa bẹ̀bẹ̀. Ó rò pé òun ti ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ta ló bí mi?

Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é nílé wa tí a bá fẹ́ ra bàtà fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. Mo jí ní ìdájí, mo yọ ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, mo rọra wọn ẹsẹ̀ Màmi lójú oorun, láti gìgísẹ̀ dé orí àtàǹpàkò, mo ṣẹ́ ẹ síbẹ̀. Ó ta mí nípàá kan, ó sọ pé eku ni, ó sì sun oorun rẹ̀ lọ. Mo di ẹyọ ìgbálẹ̀ mi mú bí ọ̀pá àṣẹ, mo kọjá sọ́dọ̀ Bọ̀dá Ráṣì tó ń ta òkìrìkà.

“Bọ̀dá Ráṣì, ẹ bá mi wá bàtà tí wọ́n fi ń gun òkè.”

“Òkè àdúrà ni àbí òkè oko?”

“Òkè tí wọ́n kàn ń gùn.”

“Wọ́n kàn ń gùn? Kí ló wà níbẹ̀?”

“Atẹ́gùn.”

“Atẹ́gùn ti tán ní Ìkàrẹ́?” Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín mi tẹ́rùn kó tó fa búùtù kan yọ nínú àpò. Bàbá mi, búùtù yẹn! Èèyàn lè wẹ ìbejì nínú rẹ̀, kí omi má sì dànù. “Wo eléyìí. Ṣójà òyìnbó ló wọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀.”

“Ṣójà yẹn ò tíì jáde, Bọ̀dá. Mò ń gbọ́ òórùn rẹ̀.”

“Ẹnu rẹ á fọ́ igbá lọ́jọ́ kan. Kí ni mo tún fẹ́ bá ọmọ aláròóyé yìí wá báyìí?”

Ó tún ọwọ́ bọ àpò. Ohun tó fà yọ, àfi bíi pé ó ti ń dúró dè mí láti ìlú òyìnbó. Káńfáàsì ni, aláwọ̀ aró, rọ́bà ìsàlẹ̀ rẹ̀ funfun kinniwin, inú rẹ̀ rọ̀ bí mọ́ínmọ́ín. Mo ti ẹyọ ìgbálẹ̀ bọ̀ ọ́, ó dọ́gba gẹ́lẹ́. Mo fò sókè débi pé ẹni tó ń ta ṣẹ́ẹ̀tì nítòsí di ọjà rẹ̀ mú.

Ohun tí èmi olóye ò rò ni pé ẹyọ ìgbálẹ̀ mọ bí ẹsẹ̀ ṣe gùn tó, kò mọ bó ṣe fẹ̀ tó. Ẹ̀yin náà mọ ẹsẹ̀ Màmi. Láti ẹ̀yìn, ó dà bí ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn. Tó bá dé iwájú, ó gbòòrò bí ojú ọkọ́.

Àárọ̀ kùtù ni mo gbé bàtà síwájú rẹ̀, nígbà tí wíwú ẹsẹ̀ ti rọlẹ̀ díẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ kó lè fi hàn mí pé kò ní wọlé. Ó wọlé! Ó wo bàtà, ó wò mí. Màmi kì í yẹ àdéhùn. Ó gbé ìbòrí funfun wọ̀, èyí gbọọrọ tó rán fún ọjọ́ tó jáde opó, èyí tí kò tíì gbé jáde rárá. Mo gbé omi sínú ike, a wọ mọ́tò, ó di Ọ̀kà. Mo yára débi pé kò ráyè jẹ ẹ̀kọ, kó má baà ronú pìwà dà.

Kúnlé ti ń dúró dè wá nísàlẹ̀ òkè pẹ̀lú ọ̀pá kan lọ́wọ́, bí ẹni tó fẹ́ da màlúù. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmi, a sì bọ́ sójú ọ̀nà. A gba ẹ̀bá ebè iṣu kọjá, a gba abẹ́ igi obì kan, lẹ́yìn náà ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di òkúta. Inú mi ń dùn. Màmi ń rìn! Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yín àtijọ́, ṣùgbọ́n ó ń rìn. Àfi ìgbà tó dúró.

“Ìwọ ọmọ ìgboro yìí.”

“Mà.”

“Bàtà lo rà ni àbí pàkúté?”

Ẹsẹ̀ ti wú padà, káńfáàsì ò sì mọ̀ pé ó yẹ kóun fẹ̀. Ìka kékeré rẹ̀ ti pọ́n bí ata rodo. Mo rò pé ó parí nìyẹn, a ó padà sílé, á padà sórí àga, mi ò sì ní lè fi nǹkan kan tàn án jáde mọ́ láyé. Mo fẹ́ gbé e pọ̀n. Ó ní kí n má ṣe wèrè. Ó jókòó, ó bọ́ bàtà méjèèjì, ó jù wọ́n lù mí láyà, ó gbé àtẹ́lẹsẹ̀ lé àpáta. 

“Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́,” ó ní. “Bí ti Àfìn.”

Mo ti gbàgbé pé ìlú Àfìn ni wọ́n ti tọ́ ọ. Ẹ ò rí i bó ṣe dìde, Bàbá mi! Ọmọ àgbẹ̀ tó fi ẹsẹ̀ lásán lé ewúrẹ́ lórí àpáta nígbà èwe, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì gbàgbé. Ó ń gbé ẹsẹ̀ ní pẹ̀lẹ́, ó ń fi ọmọ ìka di òkúta mú bí aláǹgbá, ó sì gba iwájú Kúnlé kọjá. Àwa tí a wọ bàtà là ń yọ̀ ṣubú lẹ́yìn.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lọ tí obìnrin kan fi yọ lókè pẹ̀lú ìdì igi lórí. Ẹ fojú inú wo ohun tó rí: obìnrin kan tó wọ funfun láti orí dé orúnkún, tí kò wọ bàtà, tí ojú rẹ̀ le, tí ọmọ méjì ń tẹ̀ lé lẹ́yìn, ọ̀kan gbé omi, ọ̀kan mú ọ̀pá. Kí ni ẹ̀yin náà máa rò? Ó sọ igi kalẹ̀ gbìì, ó kúnlẹ̀ sáàárín ọ̀nà.

“Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o, Ìyá wòlíì.”

Màmi wo ẹ̀yìn, ó rò pé ẹlòmíràn ń bọ̀. “Èmi?”

“Ẹ dárí jì mí pé mo dá yín dúró. Ọmọ mi obìnrin ló wà ní Ìfirà, oyún inú rẹ̀ ti pé, ó ti kọjá ọjọ́, ọmọ ò wá. Mi ò lè sùn. Tí ẹ bá dé orí òkè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dárúkọ rẹ̀.”

Ibi tí ó yẹ kí n ti sọ òótọ́ nìyẹn. Ẹnu mi sì yá ju orí mi lọ. “Ìyá, ẹni gidi lẹ bá pàdé. Láti àárọ̀, wọn ò tíì fi oúnjẹ kan ẹnu.”

Ikọ́ kọ lu Kúnlé. Màmi wò mí, ojú yẹn tó lè bó iṣu láìlo ọ̀bẹ. “Ẹ dìde, ìyá,” ó ní. “Èmi kì í ṣe wòlíì. Bàtà ló há mi lẹ́sẹ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ẹni Ọlọ́run máa ń sọ.” Obìnrin náà ò dìde. Ó ti di ojú, ó ti na ọwọ́ méjèèjì. Èèpo igi ṣì lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Mo rí i pé Màmi rí ọwọ́ yẹn. Ó tún ìbòrí rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà, ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè. “Bisimilláhì…”

Obìnrin náà la ojú kan. “Háà. Mùsùlùmí ni yín?”

“Mùsùlùmí ni mí.”

“Ẹ sì bọ́ bàtà?”

“Mo ní ó há mi lẹ́sẹ̀, ìyá!”

Ó rò ó díẹ̀, ojú kan là, ọ̀kan dì. “Ẹ máa bá a lọ, mà. Ẹkún mi ti jáde ná, mi ò lè gbé e mì padà. Ẹni tó ń gbọ́ tiwa náà ló ń gbọ́ tiyín.”

Màmi bá ṣàdúrà. Kì í ṣe èyí tó máa ń kà wúyẹ́wúyẹ́ lórí ẹní o. Ó gbé ohùn sókè. Ó ní kí Ọlọ́run sọ ọmọbìnrin náà kalẹ̀ láyọ̀, kí wọ́n gbọ́ ohùn ìyá, kí wọ́n gbọ́ ohùn ọmọ, kí ilé wọn kún, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wo àga kan kó bá a lófìfo. Ó sọ gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì kó tó parí. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ kó tọrọ nǹkan fún ẹlòmíràn.

“Àmín lórúkọ Jésù!” Obìnrin náà pariwo, àpáta dá a lóhùn.

“Àmín,” Màmi ní.

Ó fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ díẹ̀ ta wá lọ́rẹ. Màmi kọ̀. Obìnrin náà ní kì í ṣe owó àdúrà, pé ọmọ yìí ló sọ pé ẹ ò tíì jẹun. Èmi ni mo gbà á, torí mo bọ̀wọ̀ fún àgbà. A bá a gbé igi rù ú, ó sì ń lọ, ó ń kọrin.

Ó yí kọ́nà tán, mo tẹ ojú mọ́ ike omi. Mi ò lè wo ojú Màmi. Mo ń ronú ibi tí ìgbátí náà máa gbà wọlé. Mo kàn gbọ́ ni.

“Hùn-ún.”

Bàbá mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ẹ̀rín tẹ̀ lé e. Ó bẹ̀rẹ̀ nínú imú, ó wọ èjìká, ó wọ ikùn, ó mú un jókòó sórí àpáta, ó ń lu itan, ìbòrí ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Ìyá wòlíì! Èmi! Wòlíì tí bàtà há!” Kúnlé ti dùbúlẹ̀ sínú koríko, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ń dun òun. Màmi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún, ó sunkún títí ó fi di ẹ̀rín padà, èmi náà ò mọ èyí tí mò ń ṣe mọ́. Mo dájú pé ẹ gbọ́ wa níbi tí ẹ wà. Wọ́n gbọ́ wa ní Lọ́kọ́ja.

A dé orí. Ẹ mọ ibẹ̀, n kò ní fi gbogbo ẹnu sọ ọ́ fún yín. Òrùlé ìlú wà nísàlẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n da páànù tó ti dógùn-ún sílẹ̀, àwọn àpáta yòókù sì ń yọ láàárín ewé bí orí pípá àwọn bàbá tó forí kanlẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Atẹ́gùn ń gbọn ìbòrí Màmi. Ó bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, ó jẹ ẹ́ tán, ó bó òmíràn.

“Irú ibí ni bàbá rẹ ń wá?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Kò pè mí rí.”

“Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ máa ń ṣe hùn-ún?”

“Hùn-ún ni mo sọ,” ó ní. “Ta ló gbọ́ rárá lẹ́nu mi?”

Kí ló dé tí ẹ ò pè é, Bàbá mi? Ṣé ẹ rò pé kò ní wá ni? Ṣé ẹ kàn ń fẹ́ ibi kan tó jẹ́ tiyín nìkan, tí ẹnikẹ́ni ò ti ní bi yín léèrè owó àtúnṣe ọkọ̀ àti owó gáàsì? Mi ò bá yín jà o. Mo kàn ń béèrè ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ ketekete: ẹ ti pẹ́ jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ojú àánú wò ó, ẹ má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá máa pè é báyìí. A ṣì nílò rẹ̀ níbí.

Àwọn àpáta ò ṣe é ní nǹkan kan, bàtà mi ló bó o lẹ́sẹ̀. A délé, ó ki ẹsẹ̀ bọ omi oníyọ̀, kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ó fi di ọjọ́ ọjà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo rí i tó wọṣọ.

“Mú mi lọ bá ẹni tó ta pàkúté fún ọ.”

“Nírọ̀lẹ́ yìí, mà? Ẹsẹ̀ yín ti wú.”

“Ìdí tí mo fi ń lọ nísinsìnyí nìyẹn. Ẹsẹ̀ tó tóbi jù ni kó lọ yan bàtà, kì í ṣe èyí tó ń sùn.”

A gba àárín ìlú. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ fò dìde: “Háà, ẹ kú ìrọ́jú o, ìyá wa!” “Ẹ ṣé o,” Màmi ní, “Ọlọ́run ò ní fi irú rẹ̀ ṣe yín. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ ẹni tó ń ta ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn?” Ìyá náà ti mú etí ìró láti fi nu ojú, kò mọ ohun tó máa fi ṣe mọ́. Ó fi júwe ọ̀nà fún wa.

Lọ́dọ̀ Bọ̀dá Ráṣì, Màmi jókòó sórí àpótí, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ tí a rà lọ́nà ná, ó ní kó máa kó bàtà bọ̀. Èyí ò wọ̀, ìyẹn ò ṣe é. Ó ń fi àtàǹpàkò ọwọ́ tẹ iwájú, ó ń fi ìka wo ẹ̀yìn gìgísẹ̀, ó ń tẹ àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ bóyá ó gbó. Ó mú ọ̀kan.

“Màmá, ti ọkùnrin nìyẹn o,” Bọ̀dá Ráṣì ní.

“Ẹsẹ̀ mi ò béèrè.”

Ó fi gun òkìtì iyanrìn tó wà lẹ́bàá gọ́tà, ó fi sọ̀ kalẹ̀, ó tún gùn ún, gbogbo ọjà ń wòran. Bàbá mi, mi ò rí bàtà tó burẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti jẹrà, iwájú rẹ̀ fẹ̀ bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ, àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ lè gbé ọkọ̀ sìmẹ́ńtì kọjá ẹrẹ̀. Màmi wò ó bí ẹni wo wúrà. Ó ní ìka òun ń jó nínú rẹ̀. Bọ̀dá Ráṣì gba káńfáàsì padà, ó fi ṣe pààrọ̀, ó ní láti ọdún tí òun ti ń ta bàtà, òun ò tíì rí ẹni tó fi ọjà òun gun iyanrìn.

Láti ìgbà náà, kò tíì sí Sátidé kan tó rí wa nílé. Wíwú ẹsẹ̀ ti rọlẹ̀, mo ti tún rí eegun ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, tí mo rò pé ó ti bá yín lọ. Nọ́ọ̀sì tẹ ẹsẹ̀ náà, ó rẹ́rìn-ín. Kúnlé sì mú ìròyìn wá pé ọmọ Ìfirà ti bí, ọkùnrin làǹtìlanti, pé ìyá tó ru igi yẹn ti ń wọ inú gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tó wà ní Ọ̀kà, ó ń wá wòlíì kan tó máa ń ké Bisimilláhì. Màmi ti ra ọṣẹ àti aṣọ ìkókó. Ó ní a máa lọ sọ òótọ́ fún un. Mo ní kí a kọ́kọ́ jẹun ìkómọ ná.

Àárọ̀ Sátidé ni mo ń kọ èyí. Mo gbá bọ́ọ̀lù lánàá títí gbogbo oríkèé mi fi tú, mo ti pinnu pé mi ò lọ níbì kankan lónìí. Màmi ti so okùn bàtà. Mo ní kó dúró díẹ̀, bóyá oorun á dá lójú mi. Kò dúró. Ó ti ṣílẹ̀kùn, ó ti jáde, òun nìkan. Mò ń gbọ́ ìró bàtà burúkú yẹn tó ń lọ nísàlẹ̀ àdúgbò, mo sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ń kí àwọn èèyàn kí wọ́n tó lè kí i.

Ẹ jẹ́ kí n sáré lé e bá.

Èmi ni o, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín ju bí òkè Ọ̀kà ṣe ga tó. Ẹ sì mọ̀ pé èmi kì í fi kún ọ̀rọ̀.